Ohun Tí Mo Ṣe sí Ìyàwó Gómìnà Tí Mo Wa Mọ́tò Fún

Òsí,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó ṣú.

Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ Ẹtì pé ìwé ti dé, pé wọ́n ti mú ọ sí ọ́fíìsì ìyàwó gómìnà, pé ìwọ ni yóò máa ṣètò ọjọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò rí àti ibi tí yóò lọ, ìyá rẹ bú sórin. O wá bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìròyìn ti dé Òkè-Ọ̀pin. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, ó di ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí ọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ò tíì kọ orin ìkẹyìn tán tí ìyá ìjọ fi fọwọ́ kàn mí léjìká pé ìyàwó gómìnà ni yóò ṣe alága ìkórè wa lọ́dún yìí. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta ti ń pè mí ní Bàbá Fáàsì Lédì. Bẹ́ẹ̀, ìwọ ò tíì jókòó sórí àga o! Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju ọ̀rọ̀ fóònù lọ, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ohùn mi bí mo bá ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé mo wa mọ́tò fún ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. O mọ̀ pé mo wà lọ́dọ̀ ìyàwó gómìnà kan fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí o ṣì ń rákò. Ìyókù ni o kò mọ̀. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí di àná. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọmọ nímọ̀ràn, ẹ má fi èyí tó dùn nìkan gbà á. Ẹ kọ ọ́ sí i."

Mo ń kọ ọ́ nìyí.

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà kí ọkọ rẹ̀ tó di gómìnà. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún nínú wọ́ọ̀dù. Sístà Dọ́káàsì ni àwọn aláboyún mọ̀ ọ́n sí. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún ọkọ rẹ̀ ni orúkọ yẹn kú. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mọ́mì, àtẹni tó kéré sí i àtẹni tó jù ú lọ. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ kò fìgbà kan pè mí ní "ìwọ". "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́", "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́", bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi pínyà.

Èrò tó máa ń wà lẹ́nu géètì láàárọ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ fún ọmọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lé jáde, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣí òun nípò padà sílé, ẹni tó fẹ́ gba kọ́ńtírákìtì. Obìnrin yìí á jókòó tì wọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Lọ́jọ́ kan nínú mọ́tò, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, mo mọ ohun tí mo lè ṣe àtohun tí mi ò lè ṣe. Níbí, gbogbo wọn rò pé kò sóhun tí mi ò lè ṣe. Wọn ò dìbò fún mi, mi ò búra, mi ò gbowó oṣù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní 'ó ṣòro', wọ́n á lọ máa sọ pé gómìnà ló kọ̀."

Àbẹ̀kẹ́, fi èyí ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí o fẹ́ lọ bá ṣiṣẹ́ kò ní àṣẹ lórí ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló gbà pé ó ní in. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ dá ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà, dá a padà pẹ̀lú òótọ́. Má sọ fún opó pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí o mọ̀ pé kò sóhun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lò ń fi ṣòfò yẹn. Ìwé ọmọ ará Ọ̀bọ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí, mi ò ní fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún un. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó jẹun kó tó lọ.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbúra, wọ́n ní kí Mọ́mì wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun kan ní ìlú kékeré kan. Wọ́n ta rìbọ́ọ̀nù, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì lé àwo, fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Kí wọ́n tó gé e, ó wọlé, ó ń wo àwọn ibùsùn. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ibùsùn náà, ó fi ìka ra nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí i. Ó padà síta. Ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Nígbà tí a wọ mọ́tò tán ló ní, "Ibùsùn wọ́ọ̀dù mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn. Wọ́n lọ yá wọn wá fún òní ni. Lọ́la wọ́n á kó wọn padà." Ó wojú fèrèsé. "Àwọn tó ń bímọ ní wọ́ọ̀dù mi lónìí ńkọ́? Orí kí ni wọ́n sùn sí?"

Bí wọ́n bá ní kí ìyàwó gómìnà wá ṣí nǹkan, ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ lọ wò ó, láìwí fún ẹnikẹ́ni. Kí o sì tún padà lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á ní o ń ṣe àṣejù. Jẹ́ kí wọ́n wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọjọ́bọ̀ ni, ó ní kí n gbé mọ́tò àtijọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ jáde, kò fẹ́ ọlọ́pàá, kò fẹ́ fèrè. Ó wọ yẹ̀rì àti búláàsì lásán, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ sóko, ó gbé bàtà nọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́ sínú ọ̀rá. Ó júwe ọ̀nà fún mi dé ilé ìgbẹ̀bí kan ní ẹ̀yìn ìlú. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo àti obìnrin kan tó ń bá a gbálẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, a máa ń lọ. Á wọn ọmọ, á fọwọ́ kan ikùn, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á fọ abọ́. Láìsí àtíkè àti gèlè ńlá, àwọn aláboyún kò dá a mọ̀. Sístà ni wọ́n ń pè é. Bó bá padà sínú mọ́tò, á máa kọrin lábẹ́nu. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, n kì í gbọ́ kó kọrin.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀. Oyún rẹ̀ kejì ni. Àkọ́kọ́ kú sí i nínú ní ọsibítù ńlá, láti ìgbà náà ló ti búra pé òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga. Mo gbọ́ nígbà tí Mọ́mì ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ́sẹ̀, ọsibítù ló kù fún ọ báyìí."

"Sístà, mi ò lọ."

"Bí èmi fúnra mi bá mú ọ lọ ńkọ́? Tí mo dúró tì ọ́?"

Ọmọ náà wò ó títí. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Di ẹrù rẹ wá."

Ọmọ mi, ibi tó ṣòro fún mi láti kọ la dé yìí.

Ọ̀gá kan wà nílé ìjọba tó ń bójú tó gbogbo ètò. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Olórí àwọn awakọ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ló ń ṣojúkòkòrò sí ipò náà, èmi tí mo kéré jù pàápàá. Ọ̀gá yìí ní kí n jókòó. Kò ní kí n jókòó rí.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ́ Mọ́mì lára jù. Níbo lẹ máa ń lọ ní Ọjọ́bọ̀?"

Mo lè ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Mọ́mì." Gbólóhùn kan péré ni. Kò sẹ́ni tó máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́ torí ẹ̀. Dípò rẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì fi iyọ̀ sí i. Mo ní ó máa ń fọ abọ́ tí àwọn aláìsàn tọ̀ sí. Mo ní àwọn ènìyàn máa ń ké mọ́ ọn. Irọ́ ni èyí o, kò sẹ́ni tó ké mọ́ ọn rí. Mo fẹ́ kí ọ̀gá fojú rere wò mí ni. Ẹyin lohùn, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé tèmi ti balẹ̀.

Gómìnà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn alátakò á ya fọ́tò ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, wọ́n á ní ó ń ṣe ojú ayé, tàbí kí ẹnì kan ṣe é léṣe. Ẹ̀rù ló bà á. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àtijọ́ náà. Wọ́n fi ètò kún gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí Mọ́mì ní kí Bọ́sẹ̀ di ẹrù wá, wọ́n ní kó wá pín ẹ̀bùn fún àwọn obìnrin ní gbọ̀ngàn kan. Mọ́tò ọlọ́pàá wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé oríta tí à ń gbà lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ó nawọ́ kan àga mi.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kí n bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ yà síbì kankan."

Ó mú ọwọ́ kúrò lára àga mi. A lọ. Ó pín ẹ̀bùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún sí i tí obìnrin agbálẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí náà fi fẹsẹ̀ rìn wá sí géètì. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Èmi ló rí tó pè. Ó ní Bọ́sẹ̀ jókòó ti ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ kí òun mú un lọ ọsibítù, ó ní Sístà lòun ń dúró dè. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó gbé ẹrù, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì gbé e. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, ọmọ ti kú. Wọ́n rí ìyá gbà là.

Èmi ni mo sọ fún Mọ́mì. Inú mọ́tò ni, ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn?"

Mo ní, "Rárá o, Mọ́mì. Èmi kọ́."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kò tó oṣù méjì sí i, mo di olórí awakọ̀. Ipò yẹn ni mo fi rán ọ nílé ìwé, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. O máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé bàbá rẹ fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ dépò. Mo máa ń gbọ́ ọ, n ò sì tako ọ́ rí.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Sáà gómìnà náà parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́nì kan lẹ́nu géètì ilé tí wọ́n kó lọ. Mo mọ̀, torí èmi ni mo bá wọn kó ẹrù ìkẹyìn dé ibẹ̀. Kí n tó lọ, mo rí i tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

O tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá mi kú, tí a wá sin ín níbí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Mọ́mì, ṣùgbọ́n mi ò retí rẹ̀. Ó wọ táksí láti Òmù-Àrán, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn, ó sọ̀kalẹ̀ lójú títì, ó ń bèèrè ilé wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ pé ó ti dé, ó ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ń bẹ iṣu. Ìwọ fúnra rẹ rí i, bóyá o rántí: òun ni obìnrin tó fa ìpéǹpéjú rẹ wálẹ̀ tó wo inú rẹ̀, tó sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó, kí wọ́n máa fún ọ ní ẹ̀fọ́ dáadáa.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, èmi ni mo sọ fún wọn. Mo sì tún parọ́ fún yín."

Ó ní kí n dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo rí ojú yín nínú díńgí mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin kọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò lé mi?"

"Torí pé mo kọ́kọ́ wo ara mi." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kọ̀ láti yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò dúró ní oríta yẹn, ọlọ́pàá ń darí ọkọ̀. Ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kí n ṣí i kí n sọ̀kalẹ̀, ta ló máa dì mí mú? Ta ló láyà láti gbá ìyàwó gómìnà mú láàárín títì? Mo ro ohun tí wọ́n máa sọ, mo ro ojú ọkọ mi. Mo jókòó."

Mo bi í léèrè Bọ́sẹ̀. Ó ní ó bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òun lòun gbẹ̀bí rẹ̀. "Kò kí mi títí ó fi bímọ náà tán. Ó jẹ́ kí n gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò kí mi. Mi ò bínú."

Ó jẹun, ó kí ìyá rẹ, ó sì wọ ọkọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mi ò fojú kàn án mọ́. Ó ti lọ sílé Olúwa.

Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò máa wá bi ọ́ léèrè ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe, ohun tó sọ, ohun tó jẹ, ìgbà tó sunkún. Wọ́n á fi àga lọ̀ ọ́. Bó bá ń ṣe ohun tí kò tọ́, sọ ọ́ fún un lójúkojú. Bí kò bá gbọ́, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀, má tà á. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi bá mi níwájú òkú ìyá mi.

Fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀, kí o má kọ nǹkan kan sí i. Bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó di ìyàwó gómìnà, kí o sì fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni o ti máa mọ irú ẹni tó jẹ́. Má lo orúkọ rẹ̀ láti fi gba àyè lórí ìlà ní báńkì. Má jẹ́ kí ohùn rẹ yí padà sí àwọn tó ń gbálẹ̀. Ọkọ rẹ náà kò dìbò fún iṣẹ́ yìí, jẹ́ kó máa rí ọ. Nígbà tí ipò bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbé nǹkan jíjẹ dání.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó ní kí ẹ yà síbì kan, tí ètò ò gbà, tí gbogbo ènìyàn ń wo aago, ìwọ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó yà.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ó kù sí ọ lọ́wọ́. O ti wá mọ ọ̀nà tí ìwé tí o kà gbà dé ọwọ́ rẹ. Bí inú bá bí ọ, kò burú, bínú. Mi ò ní bẹ ọ́ pé kí o má bínú. Ṣùgbọ́n má fi ìbínú náà jókòó sọ́hùn-ún. Wá sílé nígbà ìkórè, ìwọ nìkan, tàbí kí o mú àwọn ọmọ dání. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ bi mí, jókòó tì mí ní pálọ̀, bi mí lójú ìyá rẹ. Mi ò ní sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ yóò fún ọ ní ojú láti rí ènìyàn.

Èmi tí mo bí ọ,
Bàbá rẹ.